Láti Yábàá dé Likosi: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Kọ́ Dókítà

Ní 1934, àwọn ọ̀dọ́ kan kóra jọ ní Èkó pẹ̀lú ìbínú. Owó orí kọ́ ló ń bí wọn nínú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ìjọba amúnisìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Yaba Higher College lóṣù kìíní ọdún náà, wọ́n ní kí ọmọ Nàìjíríà wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò dúpẹ́. Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ yìí yẹ ètò náà wò dé ìdí, wọ́n sì rí ohun tó wà níbẹ̀: ọmọ tó bá kọ́ ìṣègùn jáde ní Yábàá kò ní dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ ni yóò jẹ́. Abẹ́ òyìnbó ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ yóò kéré sí ti ọ̀gá rẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní wúlò mọ́ tó bá ti kúrò ní Nàìjíríà.

Inú ìbínú yẹn ni wọ́n ti dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Lára àwọn tí ìtàn máa ń dárúkọ ni Dókítà James Churchill Vaughan, Ernest Ikoli tó jẹ́ oníwèé ìròyìn, H. O. Davies, àti Samuel Akínsànyà. Ní 1936, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Nigerian Youth Movement, ó sì di ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ìtàn òṣèlú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ẹgbẹ́ yìí sọ: ìdìbò, àríyànjiyàn, ìyapa tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1941. Ó yẹ kí ará Rẹ́mọ máa rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ Ìsarà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni Samuel Akínsànyà. Ọdún 1941 yẹn kan náà ni wọ́n fi í jọba ní ìlú rẹ̀, ó di Ọdẹmọ ti Ìsarà, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di 1985.

Akínsànyà kì í ṣe dókítà. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò irè oko àti àwọn awakọ̀ ló gbajú mọ́ ní Èkó kó tó joyè. Pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ara rẹ̀ jìn fún ìjà lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ohun tó tọ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ara gbogbo ènìyàn ni ẹ̀kọ́ tí dókítà bá kọ́ máa ń já sí, àwọn oníṣòwò àti àwọn awakọ̀ pẹ̀lú.

Ìdí pàtàkì wà tí wọ́n fi fura sí ètò Yábàá. Ní 1902, ìjọba Britain kó iṣẹ́ ìṣègùn gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, West African Medical Service, ó sì fi í ṣe òfin pé àtọmọdọ́mọ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gba oyè dókítà ní Britain tipẹ́tipẹ́ kí òfin náà tó jáde. Nathaniel King wà lára àwọn ọmọkùnrin tí Dókítà Harrison, òyìnbó ìjọ CMS, kọ́ ní ìṣègùn ní Abẹ́òkúta láàárín ọdún 1860 sí 1870. Ó gba ibẹ̀ dé Britain, ó sì padà wá di dókítà ní Èkó. Obadiah Johnson, àbúrò àlùfáà Samuel Johnson tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, gba oyè ọ̀mọ̀wé ìṣègùn ní Edinburgh ní 1889, ìwòsàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló sì fi ṣe kókó iṣẹ́ rẹ̀. Vaughan alára jáde ní Glasgow ní 1918, òun àti Isaac Ladipo Oluwole tó wá di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ìmọ́tótó fún ìlú Èkó. Àwọn wọ̀nyí mọ ìwọ̀n ẹ̀kọ́ tí àwọn kọ́. Nígbà tí wọ́n fi ti Yábàá wé e, wọ́n rí i pé kò tó.

Kí a má parọ́ mọ́ Hussey, ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ tó gbé Yábàá kalẹ̀. Èrò tirẹ̀ ni pé ìlú nílò òṣìṣẹ́ kíákíá, pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbára wọn mọ, kí ilé ẹ̀kọ́ náà sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó yunifásítì. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti 1930, ṣáájú ayẹyẹ ìṣílé. Kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó sọ ọjọ́ tí òkè náà yóò dé, àwọn tó ń ṣe ètò kò sì ní fi ọmọ tiwọn sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan nígbà náà. Ní 1910, Abraham Flexner gbé ìròyìn kan jáde lẹ́yìn tó bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn 155 wò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ohun tó rí burú: ibi tí kò ti sí yàrá àyẹ̀wò, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba oyè láìfọwọ́ kan aláìsàn rí, ibi tí owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan ti jẹ olùkọ́ lógún. Ìròyìn náà tún ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣe ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tó fi lélẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayé sì ń tẹ̀lé títí dòní. Àmọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn méje tó wà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, méjì péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀, Howard àti Meharry. Flexner gbà pé ó yẹ kí dókítà aláwọ̀ dúdú wà, ṣùgbọ́n ìmọ́tótó láàárín àwọn ènìyàn wọn ló fẹ́ kí wọ́n gbájú mọ́. Ẹni tó bá ka èyí, tó wá wo Yábàá, yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni èrò méjèèjì gbà.

Yábàá kọ́ àwọn ènìyàn kan dáadáa, láìka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú wọn ni Theophilus Oladipo Ogunlesi, ọmọ Ṣàgámù tí wọ́n bí ní 1923. Ní àwọn ọdún 1940 ló kọ́ ìṣègùn ní Yábàá. Kò dúró síbi tí ìwé ẹ̀rí náà fi í sí. Ó kàwé síwájú títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní oṣù kìíní 2023 ló papò dà, ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ ku oṣù díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ yóò tún jẹ yọ nínú ìtàn yìí, nítorí ìjà kejì tó tẹ̀lé ti Akínsànyà, òun náà ló wà nídìí rẹ̀.

Ìjà àkọ́kọ́, ti ìwé ẹ̀rí, parí ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìgbìmọ̀ Elliot tó jókòó láti 1943 sí 1945, ìjọba gbà pé kí yunifásítì wà ní Nàìjíríà. Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ló bẹ̀rẹ̀ ní University College, Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Yábàá. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ wà, nínú àwọn ilé tí wọ́n fi ṣe ilé ìwòsàn àwọn ológun nígbà ogun àgbáyé kejì. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ń fún wọn ní oyè, ìdánwò tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe náà ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ 1934 bèèrè fún nìyẹn gan-an.

Síbẹ̀, ó ku ìbéèrè kan. Ibo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti pàdé aláìsàn? Ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ló wà nílùú, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sì ní kò tó. Nítorí náà, àwọn àkọ́kọ́ kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wọ́n wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ènìyàn. Ẹ wo bí ó ti rí: ọmọ tí yóò padà wá tọ́jú ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn, ikọ́ ife àti ọmọdé tí oúnjẹ kò tó, ẹgbẹ́ ibùsùn àgbà òyìnbó tó ní àìsàn ọkàn ló ti ń kọ́ iṣẹ́. Kí wọ́n tó ṣí University College Hospital (UCH) ní Ìbàdàn lóṣù kọkànlá 1957 pẹ̀lú ibùsùn 500, kò sí ibòmíràn. Ní 1960 ni àwọn tó kọ́ ohun gbogbo nílé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kọ́kọ́ jáde.

Ilé ìwòsàn tó gbayì ni UCH, òun ló sì sọ Ìbàdàn di orúkọ ní gbogbo ayé ìṣègùn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ní àléébù tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti rìn jìnnà kó tó dé. Ó ti lo àgbo, ó ti ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, ó ti gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kó gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ti yá owó, wọ́n ti gbàdúrà. Àìsàn rẹ̀ ti yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i lórí ibùsùn rí ìparí ìtàn náà nìkan.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kò ní irú ìṣòro yìí. Kí ilé ìwòsàn òyìnbó tó dé ilẹ̀ Rẹ́mọ, iṣẹ́ ìṣègùn ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń bá a wọ igbó já ewé, ó ń wú egbò, ó ń bó èèpo igi, ó ń kọ́ èwo ni a ń sè àti èwo ni a ń gún. Ó máa ń bá ọ̀gá rẹ̀ dé ilé aláìsàn pẹ̀lú, ó ń rí orí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí, ó ń gbọ́ ohun tí ìyálé sọ àti ohun tí ìyàwó kò sọ. Ọ̀nà ẹ̀kọ́ yìí ní kùdìẹ̀-kudiẹ tó pọ̀: ohun tí ọ̀gá bá fi pamọ́, ó bá a lọ sí ibojì, kò sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò láti mọ èyí tó ń wo àìsàn sàn àti èyí tó ń dá kún un. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ tán láìmọ ilé tí aláìsàn ń gbé. Ohun tí ẹ̀kọ́ òyìnbó sọ nù nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ sínú wọ́ọ̀dù nìyẹn, ó sì gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ̀ pé ó sọnù.

Àwọn kan tètè mọ̀. Ní 1954, Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú ti ń gbé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn láàárín àwọn ará abúlé, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú lójúmọ́. Ní 1956, dókítà ọmọ Britain kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó rí i pé àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ òun ti gbẹ kí wọ́n tó dé. Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ó sì ṣe ìwádìí nípa àwọn ọmọdé ibẹ̀ láti ìgbà ìbí wọn. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni káàdì tí wọ́n ń fi ìlà sàmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé. Káàdì yẹn rìn jìnnà ju ẹni tó ṣe é lọ. Kò sí ìyá tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìperu tí kò mọ irú rẹ̀.

Ogunlesi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ inú ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an; ìjà kejì nìyẹn. Ní 1963, pẹ̀lú ìrànwọ́ Rockefeller Foundation, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn yóò kúrò ní Ìbàdàn, yóò lọ gbé ní Igbó-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò lọ ibẹ̀ láti ṣe bí àlejò. Yóò wọ agbo ilé, yóò ka iye ènìyàn, yóò bèèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, yóò tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó mọ ìlú ju òun lọ, yóò sì kọ ìròyìn ohun tó rí. Ilé ibùgbé wà fún wọn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà tó ti darúgbó lónìí sì máa ń sọ pé ibẹ̀ ni ojú àwọn ti là.

Ìlú náà jèrè, ìmọ̀ náà jèrè. Igbó-Ọrà ni ìlú ìbejì tí gbogbo ayé ń dárúkọ, ohun tó sì jẹ́ kí ayé mọ̀ ni pé àwọn dókítà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ka ọmọ. Iṣẹ́ Patrick Nylander láti Ìbàdàn ló fi hàn pé ìbejì tí wọ́n ń bí níbẹ̀ tó bíi 45 nínú ìbímọ 1,000, èyí tó pọ̀ ju ti ibikíbi mìíràn tí wọ́n ti kà á.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìlera ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 pẹ̀lú ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ ń gba oyè nípa ìmọ̀ ìlera kó tó parí ti dókítà. Ìlọrin ló lọ jìnnà jù. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti dá ètò tí wọ́n pè ní COBES sílẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe dandan: akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dúró dé ìgbà tó bá fẹ́ jáde kó tó rí abúlé, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti máa lọ, ọdún dé ọdún. Kì í ṣe Ìlọrin nìkan ni èrò yìí wà. Yunifásítì McMaster ní Kánádà ti sọ láti 1969 pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má jókòó gba lẹ́kíṣọ̀ ṣáá, kí wọ́n gbé ìṣòro aláìsàn síwájú rẹ̀, kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ìdáhùn. Nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ irú èyí dá ẹgbẹ́ àgbáyé kan sílẹ̀ ní Jamaica ní 1979, Ìlọrin wà lára àwọn olùdásílẹ̀.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni ẹ̀kọ́ dókítà wá dé ilẹ̀ Rẹ́mọ fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1982, nígbà ìjọba Bísí Ọ̀nàbáńjọ, olú ọgbà rẹ̀ wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀ka ìṣègùn ni wọ́n gbé fún Rẹ́mọ: Ìkẹ́nnẹ́ fún ìpìlẹ̀, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara lára òkú, tó sì ń kọ́ bí ẹ̀jẹ̀, iṣan àti ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, Ṣàgámù fún wọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1986, ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ṣàgámù di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Orúkọ Obafemi Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó ti bá Akínsànyà wà nínú Nigerian Youth Movement, ni kọ́lẹ́jì náà ń jẹ́. Nígbà tí yunifásítì náà gba orúkọ Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ ní 2001, ilé ìwòsàn náà bá a yí orúkọ padà, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní OOUTH.

Ìlíṣàn tẹ̀lé e. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ Adventist bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1959 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méje di Yunifásítì Babcock ní 1999. Ní 2012, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì fi orúkọ Ben Carson, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà, pe kọ́lẹ́jì náà. Báyìí, láàárín Ṣàgámù àti Ìlíṣàn, ìrìn tí ọkọ̀ kì í pẹ́ parí, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn méjì wà, ọ̀kan ti ìjọba ìpínlẹ̀, ọ̀kan ti ìjọ. Ìlú ńláńlá tí kò ní ọ̀kan pọ̀ ní Nàìjíríà.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kò tíì yí padà púpọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ṣí UCH. Òun ni yóò gba ìtàn àìsàn lẹ́nu aláìsàn, yóò fọwọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, yóò sì dúró níwájú ọ̀gá dókítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti ro ohun tó rí. Bí ó bá fo ìbéèrè kan, ọ̀gá yóò bi í. Àwọn mìíràn máa ń bi í lọ́nà tí ojú yóò fi tì í níwájú aláìsàn, ìwà yìí sì ti wọ àwọn olùkọ́ lára débi tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ara iṣẹ́ ni. Kì í ṣe ara iṣẹ́. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò ní bèèrè ohun tí kò mọ̀, ẹni tí kò bèèrè ni yóò sì ṣi oògùn kọ lọ́jọ́ kan tí kò sí ọ̀gá nítòsí.

Ohun tó yí padà gidi ni ìdánwò. Tẹ́lẹ̀, aláìsàn kan ni wọn yóò fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kádàrá rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ aláìsàn náà. Ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ ìyá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tí àìsàn rẹ̀ sì hàn gbangba, ti yege. Ẹni tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ dáhùn ti wọ gàù. Ní 1975, Ronald Harden ní Dundee, ní Scotland, gbé ọ̀nà mìíràn jáde. Wọ́n to ibùdó púpọ̀ sí yàrá, akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, agogo ń dún, ó ń kọjá sí èkejì. Ní ibì kan yóò gbọ́ èémí, ní ibì kan yóò ka àwòrán àyà, ní ibì kan yóò ṣàlàyé fún ìyá bí yóò ṣe po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ìwé kan náà ni a fi ń fún wọn ní máàkì. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Nàìjíríà ló ti gba ọ̀nà yìí. Ó ṣòdodo ju ti àtijọ́ lọ, ó sì jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ lè dán bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ wò, ohun tí ìdánwò àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wò.

Nísinsìnyí, iye ènìyàn ló ń da ẹ̀kọ́ náà láàmú. Àwọn dókítà ń lọ sí Britain, Kánádà àti Saudi Arabia, àwọn olùkọ́ wà lára wọn. Ìjọba àpapọ̀ ní kí àyè pọ̀ sí i: ní 2024, ó kéde pé iye tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlera lè gbà lọ́dún, dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn yòókù pọ̀, ti lọ láti 28,000 sí 64,000. Àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà máa ń fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, ìdí òfin náà sì rọrùn láti lóye. Ibùsùn aláìsàn kì í pọ̀ sí i nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i. Níbi tí ogún akẹ́kọ̀ọ́ bá ti yí ibùsùn kan ká, àwọn tó wà níwájú ló ń rí ohun tí wọ́n ń kọ́.

Ṣùgbọ́n ibùsùn nìkan kọ́ ni aláìsàn wà. Èyí ló mú ọ̀rọ̀ náà dé Likosi.

Likosi àti Ògíjò jẹ́ wọ́ọ̀dù ìdìbò kan ṣoṣo lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí OOUTH wà. Títì tó ti Ṣàgámù lọ sí Ìkòròdú ló mú kí ẹkùn náà yí padà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin dé, àwọn tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ láti kó òjé inú rẹ̀ dé, àwọn tó ń wá ilé olówó pọ́ọ́kú láti Èkó náà dé. Ní 2025, àwọn oníròyìn gbé e jáde pé àyẹ̀wò ti rí òjé tó lè pani lára nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò ní Ògíjò, ọmọdé pẹ̀lú, àti nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òjé ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà. Inú ń run ẹni tó ní in lára, orí ń fọ́ ọ, ó rẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dínkù, ìfúnpá rẹ̀ ń ga. Oyún ń bàjẹ́ lára obìnrin. Ọmọdé lè má fi nǹkan kan hàn títí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò fi máa lọ sẹ́yìn ní ilé ìwé, ohun tó bà jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ kì í sì í padà bọ̀ sípò. Dókítà tí wọ́n kọ́ nínú wọ́ọ̀dù nìkan yóò gbọ́ inú rírun àti orí fífọ́, yóò kọ oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọn kò kọ́ ọ láti bèèrè ohun mìíràn ni.

Zamfara ti fi èyí hàn wá ní 2010. Àwọn ọmọdé ń kú ní abúlé, gìrì ń mú wọn, wọ́n rò pé ibà ni. Ìgbà tí àwọn dókítà wọ inú agbo ilé ni wọ́n tó rí i pé inú ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta láti yọ góòlù, tí òjé inú òkúta náà sì wà nínú erùpẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú.

Ní 1700, Bernardino Ramazzini, dókítà ọmọ Ítálì, kọ ìwé nípa àìsàn tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jà. Ó ní kí dókítà fi ìbéèrè kan kún àwọn tí wọ́n ti ń bi aláìsàn láti ayé àtijọ́: iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń rí ìbéèrè yẹn nínú ìwé. Ní Likosi, ó yẹ kó fi òmíràn tẹ̀lé e: kí ni wọ́n ń yọ́ lẹ́yìn ilé rẹ, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ síbo?

Ohun tí Ìbàdàn ṣe ní Igbó-Ọrà kò kọjá agbára Rẹ́mọ. Ilé ìgbé kan láàárín Likosi àti Ògíjò, tí akẹ́kọ̀ọ́ Ṣàgámù àti ti Ìlíṣàn yóò máa lò papọ̀; nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ agbo ilé; ọ̀nà tí wọn yóò fi máa fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti lè wọn òjé inú rẹ̀. Kí àwọn tó bá lọ lọ́dún kìíní kọ orúkọ ilé, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí òbí rẹ̀ gbà, kí wọ́n wọn gíga rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sì mú èsì padà wá fún ìyá rẹ̀ lédè tó gbọ́. Kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn lọ́dún kejì tún kan ilẹ̀kùn kan náà, kí wọ́n tún gbà á, títí a ó fi mọ ilé tí òjé ti ń dínkù àti ilé tó ti ń pọ̀ sí i.